Igi Tí Kò Ní Àpá Eyín

Àwòrán Dán-bí-Dígí tó tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sí lára ògiri. Òkè àjà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, tí ó dojú kọ ilẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bíi pé ọkùnrin náà fẹ́ máa ti ojú ọ̀run wo ara rẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí oníbàárà bá béèrè ìdí, á ní iyì ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ihò ló wà lẹ́yìn àwòrán náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò sí ohun tó yàtọ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sórí ẹ̀rọ, atẹ́gùn kékeré ń ti èérún igi kiri ilẹ̀, Dán-bí-Dígí sì wà níwájú dígí, ó ń ya irùngbọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹ̀rọ yí igi títí igi yóò fi di abọ́, tàbí orí ọ̀pá, tàbí àpótí róbótó kékeré tí wọ́n ń kó òrùka sí. A ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Dán-bí-Dígí. Àwọn tó sún mọ́ ọn a máa sọ pé, bí a bá tọ orúkọ náà dé orísun, ẹnu òun alára la ó bá a.

Ká má purọ́ mọ́ ọn o: ọwọ́ ọkùnrin náà dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi ń yangàn ju ọwọ́ náà lọ. Ẹ̀rọ tí ń yí igi ní ẹnu, ẹnu náà sì ní eyín irin mẹ́rin tí à ń fún mọ́ igi kó má baà fò. Eyín irin a máa fi àpá sára igi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n a fi ìdí gígùn sílẹ̀ fún igi, kí eyín lè rí nǹkan bù jẹ. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n a gé ìdí náà dànù tòun tàpá. Dán-bí-Dígí kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi kékeré. Ó ní ìfiṣòfò ni. Ó ní igi tí eyín bá ti kàn, ẹran tí ajá gbé sílẹ̀ ni. Gọ́ọ̀mù a-gbẹ-kíá ló máa ń kán sí ìdí igi, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó pẹlẹbẹ tó dè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, á fẹnu fẹ́ ẹ díẹ̀, á tan iná.

"Ẹ yí i wò," ni yóò wí fún oníbàárà. "Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ṣé ẹ rí àpá eyín kankan?"

Oníbàárà tí kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé igi ń ní àpá eyín á ní òun ò rí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń parí iṣẹ́. Ìyá Onílà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí búrọ́ọ̀ṣì onírun díẹ̀ ló fi ń fa ìlà tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn yí ìdérí àpótí ká, tí ìlà yóò fi pàdé ara rẹ̀ láìsí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tó ti pàdé. Nítorí ìlà yẹn làwọn èèyàn ṣe ń ra àpótí. Dán-bí-Dígí gbà pé nítorí ìdí tí kò ní àpá ni. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Kì í kàwé lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú, kì í sì í jẹ́ kí eruku igi dé ibi tó jókòó sí.

"Ojú mi ni irinṣẹ́ mi," ló máa ń wí. "Wọn ò sì í tà á ní ìsọ̀ kankan."

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi ló fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní kí oníkálukú ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó mú un wá, kí àwọn tó bá wá wòran lè rí bí igi ṣe ń di nǹkan. Ìdí nìyí tí Dán-bí-Dígí fi wà níwájú dígí, tí ó sì wọ aṣọ funfun tó ti fi irin lọ̀ dé ọrùn ọwọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wọlé bá a níbẹ̀. Atún-ẹ̀rọ-ṣe ni, ó wá pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ẹnu-Kò-Dilẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ní tirẹ̀, gbogbo ayé ló fún un lórúkọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ ṣe lónìí?" ni ó wí, ó ń wo aṣọ funfun. "Ẹ múra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́nú férémù."

"Fídíò là ń ṣe. Ìwọ pààrọ̀ bẹ́líìtì tó o wá pààrọ̀, kó o máa lọ."

Ẹnu-Kò-Dilẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì. Nígbà tó ń wá ohun tó máa fi nu ọwọ́, ó rí kóòtù tó nípọn kan tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ooru sì mú lọ́jọ́ náà. Ó gbé kóòtù kúrò. Pákó ilẹ̀kùn ti jìn wọnú níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òòlù gbá a.

"Èyí ńkọ́?"

"Igi fò nígbà kan ni."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín yín lókè àjà ńkọ́?"

"Ìgbà kan náà ni."

"Ìgbà kan náà, kó gba òkè, kó tún gba ilẹ̀kùn? Igi yín mọ ọ̀nà o."

Ìyá Onílà, tó ń po ọ̀dà ní igun tirẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè wo àwòrán náà, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú náà kalẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé ihò wà níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n," ni Ẹnu-Kò-Dilẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Igi ńlá ń dẹ́rù bani, ìyẹn la fi máa ń dì í dáadáa. Kékeré ló ń tan èèyàn jẹ. Kò ní ibi téèyàn máa dì mú, eré tí ẹ̀rọ sì ń sá fún un pọ̀. Tí irin tẹ́ ẹ fi ń gbẹ́ ẹ bá há sí i lára lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti lọ nìyẹn."

"Ká wá pa iṣẹ́ tì?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á tì? Ẹ má kàn gé igi kúrú kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gígùn, kí ibi tẹ́ ẹ máa gé dànù wà lẹ́nu eyín. Ẹ gbẹ́ ìdí ẹ̀ kó ní èjìká, kí èjìká yẹn jókòó pẹrẹsẹ sórí eyín, kó má fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Tí eyín ńlá ò bá lè dì í, eyín kékeré ń bẹ nínú àpótí irin yẹn, mi ò rí ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i rí. Kẹ́ ẹ wá fi irin ìtìlẹ́yìn tì í lódìkejì, kó má kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ inú ẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí i wò kẹ́ ẹ tó tan iná. Ẹ sì fi eré kékeré bẹ̀rẹ̀."

"Gọ́ọ̀mù ńkọ́?" ni Ìyá Onílà béèrè láti igun.

"Àǹtí mi, gọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ ò burú. Tí ojú igi méjèèjì bá tẹ́jú, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lo gọ́ọ̀mù igi gan-an, tí wọ́n jẹ́ kó sùn mọ́jú, á gbìyànjú. Àmọ́ èyí tó ń gbẹ kíá yìí, kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbá a lójijì. Ẹni tó bá fi sáńpépà ha igi títí tó gbóná, ó ń bẹ gọ́ọ̀mù pé kó yọwọ́ ni."

"Ìwọ ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun," ni Dán-bí-Dígí wí.

"Rárá o. Àjà yín ti kọ́ yín, ẹ fi àwòrán dí i lẹ́nu." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "'Igi gogoro má gún mi lójú,' ìyẹn làwọn àgbà fi kọ́ wa. Gogoro kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, a ti rí ìyẹn lókèèrè. Kúkurú tí wọn ò rántí kìlọ̀ ẹ̀ ni."

Fóònù rẹ̀ dún, ẹ̀rọ ẹlòmíràn ti dákẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fídíò yẹn, ẹ má dúró síwájú igi. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń ta lára táyà ni igi ṣe ń fò, iwájú àti òkè ló ń gbà. Ìparí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì jìnnà."

Ó lọ.

Dán-bí-Dígí mú igi kan tó ti gé tẹ́lẹ̀, tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ ní gíga. Ó kán gọ́ọ̀mù sí ìdí rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó fẹnu fẹ́ ẹ. Ìyá Onílà mú fóònù, ó lọ dúró sí ìparí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe wí.

"Kí lò ń rí níbẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mò ń rí yín."

"Kí lára mi?"

Ó wo ojú fóònù. "Etí yín. Àti abíyá."

"Etí." Ó kẹ́dùn. "Kí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo etí mi. Bọ́ síwájú níbí, kó o lè rí ojú mi àti igi pa pọ̀."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí àbúrò mi sọ."

"Àbúrò rẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, kì í fi í yí igi. Wá."

"Ẹ wọ ìbojú yín, nígbà náà."

Ìbojú kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó mọ́ gaara tí à ń gbé bo gbogbo ojú. Ó so kọ́ sára ògiri, eruku sì ti bò ó débi pé ògiri ríran jù ú lọ.

"Tí mo bá bojú, ta ni wọ́n máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

Obìnrin náà bọ́ síwájú. Ó gbé fóònù sókè, ó sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú tirẹ̀ náà lè máa rí iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn àtimáa wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tó fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ̀rọ gbéra. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ rẹwà. Èérún igi ń tú jáde gígùn gígùn bí ọ̀já, àpótí kékeré náà sì ń yọ jáde láti inú igi. Dán-bí-Dígí ti irin ìtìlẹ́yìn sẹ́yìn nítorí ó ń bo ẹwà iṣẹ́ náà. Ó mú sáńpépà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó ń ha á, ó ń ha á, ó fẹ́ kó dán lójú àwọn tí kò tíì débẹ̀. Òórùn gbígbóná rú díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan igi, ó yára yọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù.

"Ṣé kò gbóná jù?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ó ń dán ni."

Ó lè pa ẹ̀rọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ó rántí pé òun kò tíì fi irin ṣe ohunkóhun lẹ́yìn tí ojú òun ti hàn dáadáa, ó sì fi kún eré ẹ̀rọ, ó mú irin tó mú jù, ó ní òun fẹ́ fá ìlà kan ṣoṣo sí etí àpótí náà. Ohùn ẹ̀rọ tó ń kùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Kò wo igi mọ́, fóònù ló ń wò.

Irin há.

Ìró náà kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ìdérí àpótí dé. Fóònù já bọ́. Ìyá Onílà kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún igi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì.

"Ẹ pa ẹ̀rọ," ni ó wí.

Dán-bí-Dígí bọ́ aṣọ funfun náà, ó fi tẹ ojú ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó ké. Ọkọ rẹ̀ sáré bu omi, ó dà á sí ojú náà. Obìnrin náà túbọ̀ ké.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ojú, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde wá bá Dán-bí-Dígí lórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè pé:

"Ta ló fi aṣọ tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, Dókítà."

"Ojú tí nǹkan bá gbá báyẹn, a kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í fọwọ́ ra á. A kì í da omi sí i, a kì í kán oògùn sí i. Ohun líle tó mọ́, bí ìdí ife, lẹ máa fi bò ó kó má kan ojú fúnra ẹ̀, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ ó sì máa gbé e bọ̀ kíá."

"Ṣé èmi ni mo wá bà á jẹ́?"

"Igi ló bà á jẹ́, Bàbá. Aṣọ yín kàn bá a ṣe é ni." Ó jókòó tì í. "Ìbojú ńkọ́? Ẹ ò ní?"

"A ní. Ó so kọ́ sára ògiri."

Dókítà mi orí. "Gbogbo àwọn tó ń wá síbí ni tiwọn máa ń so kọ́ sára ògiri."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Egbò jinná. Ojú òsì kò ríran mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n darí sílé, Dán-bí-Dígí ti ní àlàyé kan fún àwọn tó ń wá kí wọn. Ó ní ayé ni. Ó ní àwọn kan ni kò fẹ́ kí orúkọ òun tàn níbi àfihàn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí àna rẹ̀ wọlé, Ẹnu-Kò-Dilẹ̀ sì tẹ́tí títí ó fi parí.

"Ayé," ni ó wí. "Ṣé ayé ló ra gọ́ọ̀mù?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àlejò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Onílà gbé jọ́ọ̀gì láti bu omi fún àbúrò rẹ̀. Ó da omi náà pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń dà á láti ọjọ́ pípẹ́, omi sì dà sórí tábìlì, sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó tún un ṣe. Ó tún dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ojú kan a máa ṣi bí nǹkan ṣe jìnnà tó mọ̀, pé yóò pẹ́ kó tó mọ́ ọn lára. Ó fi ìka kan di etí ife mú, ó wá fi ìka náà ṣe amọ̀nà omi.

Ní ọjọ́ kejì ó gbìyànjú búrọ́ọ̀ṣì. Ìlà náà yí ìdérí ká, ó dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kọjá bí àwọn ọ̀tá méjì lójú pópó. Ó wò ó. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó nù ún gbẹ, ó dì í sínú àkísà.

"Ẹ wá," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wo fídíò yín."

"Fídíò wo? Fóònù ti fọ́."

"Ojú ẹ̀ ló fọ́. Inú ẹ̀ ṣì ń ríran."

Wọ́n jọ jókòó wò ó. Dán-bí-Dígí rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun, irùngbọ̀n tó ya dáadáa, ẹ̀rín. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní ṣé kò gbóná jù. Ìró kékeré náà dún, àwòrán dojú dé, ó sì dúró sójú kan: fóònù ti já sílẹ̀, ó ń wo òkè. Àjà ló ń hàn, àti àwòrán tirẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń súfèé. Ohùn obìnrin ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ." Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan, kíákíá, pẹ̀lú ìpayà:

"Ṣé àpótí náà ò fọ́?"

Dán-bí-Dígí kò rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó dá a padà. Ó tún gbọ́ ọ. Ohùn òun ni.

"Ẹ pa á rẹ́," ni ó wí, ó ń fi 'ẹ' bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí.

"Mi ò ní pa á rẹ́. Ẹgbẹ́ ní ká mú fídíò wá. Èyí la máa mú lọ."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀. Ojú mi ni kò sí."

Ní ọjọ́ àfihàn, Dán-bí-Dígí fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo fídíò náà tán. Ó dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ nílé, ọ̀rọ̀ tó dán. Kò rí i sọ. Ohun tó sọ ni pé igi ti fò lẹ́nu ẹ̀rọ òun ṣáájú, pé ó lu àjà, ó lu ilẹ̀kùn, òun sì fi àwòrán bo ìkan, òun fi kóòtù bo ìkejì. Ó ní, "Ìkẹta ni mi ò rí nǹkan fi bò." Ó jókòó.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá o kò yí igi rí. Ṣùgbọ́n o ní ihò kan níbì kan tí o fi nǹkan bò. Bíréékì tó ti ń dún tí o fi orin bo ìró rẹ̀; wáyà tó ti jó lẹ́ẹ̀kan tí o gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí. Ohun tó bá fò lẹ́ẹ̀kan tí kò bà ọ́, ìkìlọ̀ ló fi ránṣẹ́, kò tíì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́. Bó o bá sì jẹ́ oníṣẹ́ igi, fi ìdí sílẹ̀ fún igi rẹ, jẹ́ kí eyín bù ú jẹ, kó o gé e dànù nígbẹ̀yìn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síbi tí igi máa gbà. Sọ ìbojú kalẹ̀ lára ògiri, kó o nù ún, kó o wọ̀ ọ́, kó o wá ìkejì fún ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rẹ, á dúró dìgbà tó o bá pa ẹ̀rọ.

Kò sí àwòrán lókè àjà ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ihò ló wà níbẹ̀, kedere, oníbàárà á sì béèrè, Dán-bí-Dígí á dáhùn. Eyín kékeré ti jáde nínú àpótí irin. Àpótí òrùka ọjọ́ yẹn sì wà lójú fèrèsé, níbi tí Ìyá Onílà gbé e sí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò. Kò fọ́. Kò ní ìlà. Bí ènìyàn bá yí i padà, ìdí rẹ̀ ń dán lábẹ́ oòrùn, kò sì sí àpá eyín kankan níbẹ̀.